Aago Gogoro Ilẹ̀ Bìrìtéènì: Àpótí, Ojú àti Ẹ̀rọ Inú Rẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Aago tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni aago alápòótí gogoro tí wọ́n ń ṣe ní ilẹ̀ Bìrìtéènì láti nǹkan bí ọdún 1660 títí di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó máa ń ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 8. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i, igi dídán àti iṣẹ́ ọnà ara àpótí ni yóò gbà á lójú, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ olùrà máa ń parí àyẹ̀wò wọn sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá kan tó ń fì nínú òkùnkùn àpótí yẹn ló bí gbogbo ìyókù. Bí àpótí ṣe ga, bí agbedeméjì rẹ̀ ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, iye eyín tó wà lára kẹ̀kẹ́, ọwọ́ kékeré tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá lójú aago, ọ̀dọ̀ ọ̀pá yẹn ni gbogbo wọn ti wá. Ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1656, Christiaan Huygens, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Nẹ́dálándì, ronú kan bí a ṣe lè fi ọ̀pá tó ń fì, ìyẹn pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù, darí aago. Salomon Coster, aṣe-aago ní ìlú The Hague, ló bá a ṣe é. Kò pẹ́ tí ìdílé Fromanteel, àwọn aṣe-aago ní Lọ́ńdọ̀nù, fi gbọ́. John, ọmọ wọn, lọ sí ìsọ̀ Coster ní 1657, nígbà tó sì fi máa di 1658, Ahasuerus Fromanteel ti ń polówó aago tuntun náà nínú ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù. Ṣáájú ìgbà yẹn, aago inú ilé lè fi ìṣẹ́jú 15 ṣìnà lójúmọ́ kí ẹnikẹ́ni má sì bínú sí i. Pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù sọ ìyàtọ̀ yẹn di ìṣẹ́jú kan, tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù ìgbà yẹn kúrú, nǹkan bí ínṣì 10, ó sì ń fì gbàràgàdà lọ́tùn-ún lósì. Bí ọ̀pá gígùn bá ń fì tó bẹ́ẹ̀, àpótí rẹ̀ yóò fẹ̀ bíi kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Ní nǹkan bí 1670 ni irin kan tí wọ́n rọ bí ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi yanjú ọ̀rọ̀ náà. Apá ìdákọ̀ró yìí méjèèjì ń gba eyín kẹ̀kẹ́ mú, wọ́n ń tú u sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, fífì díẹ̀ péré ló sì nílò: digírì 4 sí 6 láti òpin kan dé èkejì. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é. Àwọn kan dárúkọ Robert Hooke, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, àwọn kan William Clement, àwọn mìíràn Joseph Knibb, aṣe-aago ni àwọn méjèèjì. Aago ńlá tí Clement ṣe fún King's College ní Cambridge ní 1671, tó ní irú ìdákọ̀ró bẹ́ẹ̀, ṣì wà ní Science Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí dòní.

Nígbà tí fífì ti di kékeré, ọ̀pá lè gùn wàyí. Èyí tí gbogbo ilẹ̀ náà gbà ni ọ̀pá tó ń lo ìṣẹ́jú-àáyá kan fún lílọ, tó tún ń lo ìṣẹ́jú-àáyá kan fún bíbọ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 994, tàbí ínṣì 39 lé díẹ̀, láti ibi tó ti ń tẹ̀ lókè dé nǹkan bí àárín òjé tó wà nídìí rẹ̀. Kò sí aṣe-aago tó lè bá ìwọ̀n yìí dúnàádúrà, torí agbára òòfà ilẹ̀ ló pinnu rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe aago ní York àti ẹni tó ń ṣe tirẹ̀ ní Exeter, tí wọn kò mọ ara wọn rí, ọ̀pá tó bára mu ni wọ́n ń gé.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ ìborí kúrò, ká wo ẹ̀rọ. Idẹ pẹlẹbẹ méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, òpó idẹ mẹ́rin tàbí márùn-ún ló so wọ́n pọ̀. Ọ̀wọ́ kẹ̀kẹ́ méjì ló wà láàárín wọn. Bí ẹ bá kọjú sí aago, ọ̀wọ́ tó wà lọ́tùn-ún ni ti rírìn, èyí tó wà lósì ni ti lílù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àgbá tirẹ̀, okùn tirẹ̀, ẹrù òjé tàbí irin tirẹ̀, àti ihò kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ lójú aago.

Ẹ fara balẹ̀ bá wa ka eyín wọn. Nínú aago ọlọ́jọ́ mẹ́jọ, kẹ̀kẹ́ ńlá tó wà lára àgbá sábà máa ń ní eyín 96, jíà kékeré tó ń yí sì ní eyín 8. Ẹ pín in: 12 ni. Bí kẹ̀kẹ́ ńlá bá yí lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pá àárín, tó gbé ọwọ́ ìṣẹ́jú, ti yí lẹ́ẹ̀méjìlá, wákàtí 12 ti kọjá. Kẹ̀kẹ́ àárín ní eyín 60, ó ń yí jíà eléyín 8. Kẹ̀kẹ́ kẹta ní eyín 56, ó ń yí jíà eléyín 7. Ìlọ́po 7 àtààbọ̀ ni ti àkọ́kọ́, ìlọ́po 8 ni ti èkejì. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, 60 ni yóò fún yín. Ìyẹn ni pé kẹ̀kẹ́ tó gbẹ̀yìn, èyí tí ìdákọ̀ró ń gbá mú, ń yí lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan géérégé. Eyín 30 ló ní. Eyín kan ń kọjá fún lílọ àti bíbọ̀ kan, lílọ àti bíbọ̀ 30 sì jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 60. Aṣe-aago kàn fi ọwọ́ kékeré kan sórí ọ̀pá kẹ̀kẹ́ yìí ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú-àáyá láìsí pé a fi jíà mìíràn kún un. Ìdí tí òrùka kékeré fi wà lábẹ́ nọ́ńbà 12 nìyẹn.

Ara àgbá ni wọ́n ń fín ipa okùn sí, ìyípo 16. Ìyípo kan gba wákàtí 12, nítorí náà 16 gba ọjọ́ 8: ẹni tó bá ń wáìn aago rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ní ọjọ́ kan lọ́wọ́ tó bá gbàgbé. Bí ìdábùú àgbá bá jẹ́ ínṣì 2, okùn tí yóò tú jáde lára rẹ̀ yóò gùn tó ínṣì 100. Ṣùgbọ́n orí púlì ni ẹrù wà, ìdajì ìyẹn ni yóò fi rọ̀ wálẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 4 lé díẹ̀. Ẹ fi gíga ẹ̀rọ àti ojú kún un lókè, ẹ fi ìdí àpótí kún un nísàlẹ̀, ẹ ó rí i pé kò sí bí irú aago yìí ṣe lè kúrú. Ẹrù kọ̀ọ̀kan wúwo tó pọ́n-ùn 12 sí 14, nǹkan bí kìlógíráàmù 5.5 sí 6.4. Ẹ má gbé èyí tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ láti fi tipá mú aago tó ti ń dúró máa rìn. Ìdọ̀tí tàbí jíjẹ ló ń dá a dúró, ẹrù ńlá yóò kàn mú kí jíjẹ náà yára ni.

Èyí tó rọjú, tó pọ̀ nílé àwọn àgbẹ̀ ìgbèríko, ni ti wákàtí 30. Ẹrù kan ṣoṣo àti ṣéènì tàbí okùn kan tí a so yípo ló ń fa rírìn àti lílù papọ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń fà á sókè. Ojú rẹ̀ kò nílò ihò kọ́kọ́rọ́. Síbẹ̀ ẹ ó rí òmíràn tí wọ́n fi ihò ẹ̀tàn méjì sí, kí àlejò lè rò pé ọlọ́jọ́ mẹ́jọ ni onílé rà.

Ní ti lílù, ọ̀nà méjì ló wà. Láàárín wákàtí 12, òòlù gbọ́dọ̀ lu agogo ní ìgbà 78. Ọ̀nà àtijọ́ jẹ́ kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n gé ihò sí létí, àlàfo ihò wọ̀nyí sì ń gùn sí i láti ẹyọ kan dé méjìlá. Kẹ̀kẹ́ yìí kò mọ ohun tí ọwọ́ aago ń wí. Ó kàn ń lu èyí tó kàn ni. Bí lílù bá dúró fún wákàtí kan tí rírìn kò dúró, aago yóò máa lu mẹ́rin nígbà tí ọwọ́ wà lórí márùn-ún. Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn: ẹ fi ìka gbé irin tó ń bọ́ sínú ihò náà sókè, kó lù, ẹ tún gbé e, títí lílù àti ọwọ́ yóò fi bára mu.

Ọ̀nà kejì ni èyí tí Edward Barlow gbé jáde ní 1676. Wọ́n rọ idẹ kan bí ìkarahun ìgbín, àtẹ̀gùn 12 ló wà létí rẹ̀, ó ń bá ọwọ́ wákàtí yí. Irin kan tó ní eyín bíi ti ayùn ń já bọ́ lé ìgbín yìí, ibi tó bá balẹ̀ sí ló ń sọ iye ìgbà tí òòlù yóò lù. Aago irú èyí kì í ṣi lù, ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé láti wáìn apá òsì, tí lílù dúró tí rírìn ń lọ, irin náà yóò wà nílẹ̀ níbi tó já bọ́ sí. Nígbà tí wákàtí bá kọjá láti 12 sí 1, àtẹ̀gùn tó ga jù lára ìgbín yóò forí gbá ìrù irin yìí. Aago yóò dúró gbagidi, tàbí kí nǹkan tẹ̀. Àwọn aṣe-aago tó mòye máa ń fẹ́ ìrù yẹn lẹ́lẹ́ tàbí kí wọ́n gé ìṣó rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀ kó lè gun orí àtẹ̀gùn kọjá, àmọ́ ẹ má gbára lé e. Ẹ máa wáìn méjèèjì pọ̀.

Ọ̀rọ̀ ooru náà wà ńbẹ̀. Irin ń gùn bí ooru bá mú un: ọ̀pá irin lásán yóò pàdánù nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá lójúmọ́ fún digírì Sẹ́síọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan tí ooru fi lọ sókè. George Graham, tó jogún ìsọ̀ Thomas Tompion, aṣe-aago olókìkí ní Lọ́ńdọ̀nù, fi ìkòkò mákúrì, irin tó máa ń ṣàn bí omi, sídìí ọ̀pá ní àwọn ọdún 1720, kí mákúrì lè wú sókè bí irin ṣe ń gùn sílẹ̀. John Harrison ní abúlé Barrow upon Humber ní Lincolnshire to ọ̀pá idẹ àti ti irin pọ̀ kí wọ́n lè tako ara wọn. Káfíńtà ni Harrison yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Igi óákù ló fi ṣe kẹ̀kẹ́ aago rẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀kan tó ṣe ní 1713 sì ṣì wà títí di òní. Iṣẹ́ àrà gbáà ni. Ṣùgbọ́n aago inú ilé lásán kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ má bẹ̀rù bó bá ń yára díẹ̀ nígbà òtútù.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sójú aago. Idẹ ni ojú ìgbà àkọ́kọ́, kò fẹ̀ ju ínṣì 8 sí 9 lọ. Ó di 10 nígbà tó fi máa tó 1680, ó di 11, ó sì di 12 lẹ́yìn 1700. Ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó rí 13 àti 14 ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Láti nǹkan bí 1715 ni wọ́n ti ń fi ààbọ̀ òbìrìkìtì lé e lórí. Àpapọ̀ nǹkan ni ojú aago onídẹ: idẹ pẹlẹbẹ nísàlẹ̀, òrùka nọ́ńbà tí wọ́n fi fàdákà kùn lórí rẹ̀, ọnà idẹ mẹ́rin ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọnà igun wọ̀nyí ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti mọ ọjọ́ orí aago. Orí áńgẹ́lì oníyẹ̀ẹ́ ni ti ṣáájú 1695, ọmọ méjì tó gbé adé dání ló tẹ̀lé e. Àmọ́ ọwọ́ àwọn adẹdẹ ni aṣe-aago ti ń ra ọnà wọ̀nyí, ó sì lè wà nínú àpò rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó lò ó, pàápàá ní ìgbèríko. Bí ẹ bá yí ojú náà sẹ́yìn, ẹ ó rí i pé ti Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ idẹ odindi, nígbà tí ọ̀pọ̀ ti àríwá ní ihò ńlá ńlá lẹ́yìn òrùka nọ́ńbà. Wọ́n ń ṣọ́ idẹ lò ni, torí ó wọ́n.

Ẹ má fi ọṣẹ ìdán irin nu òrùka nọ́ńbà láéláé. Fàdákà orí rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju bébà lọ, yóò hó kúrò, idẹ pupa yóò sì yọjú. Bó bá ti hó tẹ́lẹ̀, wọ́n lè tún un ṣe. Wọ́n á tú u kúrò lára idẹ ìsàlẹ̀, wọ́n á fi ìda dúdú dí ojú fínfín níbi tó bá ti jábọ́, wọ́n á ha á kó tẹ́jú, wọ́n á sì fi àpòpọ̀ silver chloride, iyọ̀ àti cream of tartar pẹ̀lú omi díẹ̀ fi rà á títí yóò fi funfun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi omi ṣàn án dáadáa, kí iyọ̀ kankan má ṣẹ́ kù, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á fi fáníìṣì tó mọ́ gaara bò ó. Iyọ̀ tó bá ṣẹ́ kù ni yóò sọ ọ́ di àwọ̀ ewé láàárín oṣù díẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án 1772, Osborne àti Wilson ní Birmingham polówó ojú aago funfun: páànù irin tí wọ́n kùn, tí wọ́n yan nínú ààrò, tí wọ́n ya òdòdó sí ní igun. Ó rọjú ju idẹ lọ, ó sì rọrùn láti kà nínú iná àbẹ́là. Láàárín ọgbọ̀n ọdún, idẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Lẹ́yìn irú ojú yìí ni irin dídà kan sábà máa ń wà tó so ó mọ́ ẹ̀rọ, orúkọ sì lè wà lára irin náà. Orúkọ ẹni tó ṣe ojú ni, kì í ṣe ti aṣe-aago. Osborne àti Wilson pínyà ní 1777, nítorí náà irin tó bá ní orúkọ àwọn méjèèjì pọ̀ ti ṣáájú ìgbà yẹn wá. Ojú funfun tí òdòdó rẹ̀ kéré tí àyè funfun pọ̀ ló lọ́jọ́ lórí. Èyí tí àwòrán kún gbogbo igun rẹ̀ fọ́fọ́ sábà jẹ́ ti 1820 sókè. Ẹ má fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Orí ọ̀dà tí wọ́n ti yan ni wọ́n kọ nọ́ńbà àti orúkọ sí, kànìnkànìn olómi lẹ́ẹ̀kan péré lè pa wọ́n rẹ́. Fífi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku kúrò ti tó.

Ojú mìíràn ní òṣùpá nínú ààbọ̀ òbìrìkìtì rẹ̀. Àwo kan ni, òṣùpá méjì ni wọ́n yà sórí rẹ̀, eyín 118 ló ní létí, ẹ̀rọ ń tì í ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ọjọ́ 59 ló fi ń yí lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn oṣù òṣùpá méjì ti ọjọ́ 29 àtààbọ̀. Oṣù òṣùpá gan-an fi díẹ̀ gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà àwo náà yóò fi nǹkan bí wákàtí 9 ṣáájú òṣùpá ojú ọ̀run lọ́dún. Bí ẹ bá fẹ́ tún un tò, ẹ fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ná. Bó bá le, ẹ̀rọ ti kọ́ ọ lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹ dúró wákàtí mélòó kan.

Orúkọ tó wà lójú aago ń kọ́? Ti Tompion (1639 sí 1713) ṣeé gbàgbọ́ ju ti ọ̀pọ̀ lọ, torí ó ń fi nọ́ńbà sí aago rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lójú aago ìlú kékeré lè má ṣe ju pé ó ra ẹ̀rọ láti Birmingham, ó ra ojú, ó bẹ káfíńtà àdúgbò lọ́wẹ̀ àpótí, ó tò wọ́n pọ̀, ó tà á. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Ohun tó yẹ ká mọ̀ ni pé ọwọ́ mẹ́ta ló ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àpótí náà pín sí ọ̀nà mẹ́ta: ìborí tó bo ẹ̀rọ tó ní gíláàsì níwájú, agbedeméjì tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ilẹ̀kùn gígùn, àti ìdí. Ti ìgbà àkọ́kọ́ dúdú bí èédú, òkè ni wọ́n sì ń gbé ìborí rẹ̀ sí kí wọ́n tó lè rí ẹ̀rọ. Nígbà tí àpótí ga jù fún ìyẹn, ní nǹkan bí 1700, wọ́n sọ ìborí di èyí tí à ń fà síwájú. Lábẹ́ ìborí níbẹ̀ ni àmì kan wà tí ojú lè tètè rí: igi ọ̀ṣọ́ tó gbé ìborí wú síta nínú aago tó ṣáájú 1700, ó sì jìn sínú nínú èyí tó tẹ̀lé e. Igi walnut tí wọ́n là fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ óákù ló gbajúmọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn kan sì fi igi aláwọ̀ oríṣiríṣi gé òdòdó àti ẹyẹ sí i láàárín 1680 sí 1710. Óákù lásán ni ti ìgbèríko, tàbí páìnì tí wọ́n kùn.

Lẹ́yìn òfin 1721 tó mú owó ibodè kúrò lórí pákó láti àwọn ilẹ̀ Bìrìtéènì ní Amẹ́ríkà, mahogany bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, láti Jàmáíkà lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà láti Kúbà àti Honduras. Ẹbí kan náà ni igi yìí àti ọ̀gànwó tiwa. Ọwọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló gé e nínú igbó, tó sì wọ́ ọ dé etí odò. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń yin ìpọ́nrẹ́rẹ́ àpótí wọ̀nyí mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra aago ní gbàǹjo ni pé: ṣé àpótí, ojú àti ẹ̀rọ yìí ti jọ wà pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti tú ká tí wọ́n sì tún so pọ̀ mọ́ òmíràn. Ẹ fa ìborí kúrò, ẹ tan iná sí i. Ẹ wo pákó tí ẹ̀rọ jókòó lé. Ó yẹ kó ní ihò okùn àti ihò ìdè ẹ̀rọ nìkan. Ihò mìíràn tí kò ní iṣẹ́ ń sọ pé ẹ̀rọ mìíràn ti jókòó síbẹ̀ rí. Ẹ wo etí pákó méjèèjì tó gbé e: ṣé wọ́n ti gé e kúrú, tàbí wọ́n ti kan igi tuntun lé e kó lè ga? Ẹ dá ìborí padà, ẹ wò bóyá férémù rẹ̀ bo etí ojú aago dọ́gba yíká. Bí àlàfo bá wà lápá kan, tàbí férémù bá bo nọ́ńbà, kò tíì yé mi bí ẹnikẹ́ni ṣe lè pè é ní ojúlówó. Ẹ tún wo idẹ iwájú ẹ̀rọ: ẹsẹ̀ ojú aago mẹ́rin nílò ihò mẹ́rin. Bí ẹ bá ka mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, ojú yẹn kọ́ ni ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ wọ̀. Paríparì rẹ̀, ẹ wo pákó ẹ̀yìn àpótí níbi tí òjé pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù ti ń fì. Láàárín igba ọdún, ó sábà máa ń ti ha á. Bí ojú hàhà náà bá fi ínṣì mẹ́ta ga ju ibi tí òjé wà báyìí, ẹ ti rí ìdáhùn. Aago bẹ́ẹ̀ lè máa rìn dáadáa, ó sì lè wù yín, ṣùgbọ́n kò yẹ kí owó rẹ̀ bá ti ojúlówó dọ́gba.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e, ẹ bọ́ ìborí, ẹ já ẹrù, ẹ fi lẹ́tà sàmì sí i èyí tó wà lọ́tùn-ún, ẹ yọ pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá fà á nílẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù nínú yóò ká sípíríǹgì pẹlẹbẹ tó gbé e kọ́, pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù náà yóò sì máa gbọ̀n bó bá ń fì lẹ́yìn náà. Níbi tuntun, ẹ fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì wọn àpótí, ẹ fi ìṣó onírin mọ́ ògiri gba pákó ẹ̀yìn mú. Ẹ má fojú fo ìyẹn. Bí àpótí bá ń mì, aago yóò rìn fún ọjọ́ mélòó kan, nígbà tó bá sì di bí ọjọ́ kẹfà tàbí keje, tí ẹrù bá ti rọ̀ dé ibi òjé pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù, ẹrù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bá a fì, yóò jí agbára rẹ̀, aago yóò sì dúró. Ọ̀pọ̀ aago tí wọ́n ti kó lọ fún àtúnṣe lórí ẹ̀sùn yìí kò ní àrùn kankan. Ìṣó kan ni wọ́n nílò.

Lẹ́yìn náà ni ẹ ó fetí sí dídún rẹ̀. Tík àti ták gbọ́dọ̀ jìnnà síra dọ́gba. Bí ó bá ń tiro, yóò dúró. Ẹ rọra ti pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù sósì títí yóò fi dún, ẹ sàmì sí i. Ẹ tì í sọ́tùn-ún, ẹ sàmì. Bí ọ̀kan bá jìn ju èkejì lọ, ẹ di òkè apá irin tó ń gbá pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù mú dáadáa, ẹ sì tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ sí apá ibi tó ti yára dún. Ẹ tún wọ̀n ọ́n. Nígbà tí ó bá ti dọ́gba, nọ́ọ̀tì abẹ́ òjé ló kù: ẹ yí i sókè kó yára, ẹ yí i sílẹ̀ kó fà. Mìlímítà kan jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 43 lójúmọ́, nítorí náà ìdá díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa yí i, kí ẹ sì dúró odindi ọjọ́ kan kí ẹ tó tún fọwọ́ kàn án.

Epo ló ń pa aago wọ̀nyí jù. Epo àtijọ́ á gbẹ, á di dúdú, eruku inú rẹ̀ á wọ inú idẹ tó rọ̀, idẹ náà á sì di ohun tó ń jẹ irin tó le jù ú lọ. Ẹ wo ihò tí orí ọ̀pá kẹ̀kẹ́ ń yí nínú rẹ̀: bó bá ti di ẹyin dípò kó rí róbótó, ó nílò búùṣì tuntun, ìyẹn òrùka idẹ kékeré tí wọ́n ń fi sínú ihò náà. Ẹ wo ojú apá ìdákọ̀ró: bí eyín kẹ̀kẹ́ bá ti gbẹ́ ihò sí i, ẹni tó mọṣẹ́ gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Dída epo tuntun lé ìdọ̀tí kò wo nǹkan kan. Títú ni, fífọ̀ ni, kí a tó wá fi epo aago, ẹ̀kán kan ṣoṣo, sí ihò kọ̀ọ̀kan àti sójú ìdákọ̀ró. Eyín kẹ̀kẹ́ kò gbọ́dọ̀ rí epo rárá. Ẹ sì máa yẹ okùn tó gbé ẹrù wò, èyí tí wọ́n fi ìfun ẹran ṣe. Bó bá ti ń tú fọ́nrán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹrù kìlógíráàmù mẹ́fà tó bá já láti òkè yóò lu ìdí àpótí jáde.

Àwọn ará wa kan ní Bìrìtéènì ń ra aago yìí, wọ́n sì ń fẹ́ gbé e wálé. Ẹ mọ̀ pé yóò fà. Òòfà ilẹ̀ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ nítòsí agbedeméjì ayé: Jean Richer, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Faransé, ṣàkíyèsí rẹ̀ ní Cayenne ní Gúúsù Amẹ́ríkà ní 1672, nígbà tí aago tó péye ní Párísì fi ìṣẹ́jú 2 àtààbọ̀ sẹ́yìn lójúmọ́. Aago tí wọ́n tò ní Lọ́ńdọ̀nù yóò fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 2 àti ìdámẹ́rin sẹ́yìn lójúmọ́ ní Èkó, ooru yóò sì fi ìṣẹ́jú-àáyá bíi méje kún un. Mìlímítà 3 lé díẹ̀ ni ẹ ó fi gbé òjé sókè. Bí ibi tí nọ́ọ̀tì ti ń yí gòkè bá ti tán kó tó dé ibẹ̀, ẹ má gé ọ̀pá. Sípíríǹgì tó kúrú díẹ̀ lókè yóò ṣe é, ẹ ó sì lè dá ti àtijọ́ padà lọ́jọ́ tí aago bá padà sókè òkun.

Ti igi ló le jù. Àtè tí wọ́n fi ẹran ṣe ló di igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mú, ọ̀rinrin ń rọ̀ ọ́, afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ń gbẹ ẹ́, nínú kí ó máa rọ̀ kó máa gbẹ ni igi yóò ti máa ṣí kúrò. Yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń tàn tó ń kú pẹ̀lú iná ìjọba kò dára fún àpótí walnut. Óákù odindi tàbí mahogany odindi yóò fara dà á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má jẹ́ kí ìdí rẹ̀ kan sìmẹ́ńtì ní tààràtà. Ẹ gbé e ka pákó tí a ti fi oògùn ikán pa, kí ìka kan lè kọjá láàárín òun àti ògiri, kí ẹ sì máa fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀ lóṣooṣù, pàápàá lẹ́yìn òjò.